Òtẹ́ẹ̀lì Tí Ìyá Mi Yàn ní Ìbà

Àwọn ọmọ mi kì í rìnrìn àjò báyìí kí wọ́n má kọ́kọ́ fi fóònù wo òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa sùn sí. Wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wo balùwẹ̀, wọ́n á wo oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á wá máa bá ara wọn jiyàn lórí èyí tí apá wọn ká. Èmi kì í sábà dá sí i. Bí wọ́n bá bi mí, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí wọ́n wádìí: bí ẹnì kan bá dé ẹnu géètì tó ní òun ń wá yín, kí ni onílé yẹn máa ṣe? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní màmá àwọn ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Kí fóònù alágbèéká tó dé ni mo ń wí, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì. Àbúrò mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi bí lé mi, wà nílé ọkọ ní Igbó-Elérin, lójú ọ̀nà Badagry. Ọkọ rẹ̀ ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Alábà. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, bó bá sì rí ìyá mi, á dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń tẹ ilẹ̀ yẹn náà ló fi ń lu ọmọ ìyá mi. Oyún méjì ló ti lù dànù lára rẹ̀, a ò sì mọ̀. Bí àbúrò mi bá wálé ọdún tí a bi í pé kí ló ṣe ojú rẹ̀, á ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Ilẹ̀kùn ilé yẹn mà burú o, ni mo máa ń sọ, tí gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ kan tó ń kó iṣu láti ìlú wa lọ sí Èkó ló tú àṣírí. Ó ti bá wa gbé iṣu fún un, ó rí i bó ṣe wà, nígbà tó sì padà, ilé wa ló kọ́kọ́ yà. Ó sọ fún ìyá mi pé bó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ láàyè, kó má jẹ́ kí oṣù yẹn tán. Ìyá mi ò sunkún. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kí n lọ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, a ti wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán la dé Igbó-Elérin, nígbà tí a mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn fún wa, mi ò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ojú òsì ti dí pátá. Eyín méjì ti lọ níwájú. Nígbà tí mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn, ó ní kí n rọra, ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ká aṣọ rẹ̀ sókè. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé sára wáyà rédíò, òun ni ọkùnrin yẹn fi jó o lẹ́yìn, ojú ibẹ̀ là gààrà-gààrà bí ilà. Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Ká ní mo bá ọkùnrin náà nílé lọ́jọ́ yẹn, inú ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti máa kọ ìtàn yìí.

Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní bí mo bá jáde nílé yìí, òun á pa mí. Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni.”

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. A kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, a jáde.

Wàhálà tó kù ni ibi tí a máa sùn. Ọkọ̀ Èkìtì tó kẹ́yìn ti lọ láti àárọ̀, kò sì sí awakọ̀ tó gbádùn tó máa gbéra lọ́sàn-án, torí àwọn adigunjalè tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. A ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan nítòsí Navy Town, ṣùgbọ́n òun ló dúró bíi bàbá ìyàwó níjọ́ ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ sáré lọ. Gbogbo ilé tí a mọ̀ ní Èkó, ó mọ̀ ọ́n. Ó wá ku òtẹ́ẹ̀lì. Èmi ò sùn sí òtẹ́ẹ̀lì rí, ìyá mi náà ò sùn síbẹ̀ rí. Nílé wa nígbà náà, obìnrin tí wọ́n bá gbọ́ pé ó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọn kì í bi í pé kí ló lọ ṣe.

Èyí tí a kọ́kọ́ yà wà nítòsí yunifásítì, ibi tí àwọn olùkọ́ tó bá wá láti ìlú mìíràn máa ń wọ̀ sí. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ jáde látinú ẹ̀rọ. Akọ̀wé tó wọ táì wo ojú àbúrò mi, ó wo ìró tí ìyá mi ró, ó bi wá pé níbo ni ọkùnrin tó kó wa wá wà. Mo ní kò sí ọkùnrin. Ó ní àwọn kì í fún obìnrin nìkan ní yàrá, òfin ilé náà ni. Mo bi í bóyá ọkùnrin ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí yàrá wọn. Ìyá mi fa ọwọ́ mi jáde kí n tó rí èkejì sọ. Owó yàrá náà ga ju owó oṣù mi lọ ṣá, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni wọ́n fi lé wa.

Ìkejì wà lẹ́yìn gáráàjì Okokomáíkò. Ilé alájà kan ni, ọ̀dà rẹ̀ ti bó, iná pupa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dirí fún ara wọn, aṣọ orí àyà nìkan ni wọ́n ró. Obìnrin kan tó tóbi dáadáa ló ń ṣe àkóso ibẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí a dé, kò sì dìde. Mo ní a fẹ́ yàrá kan fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ó wo àbúrò mi lójú pẹ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ó mọ̀ pé ẹ wá síbí?”

Mo ní kò mọ̀. Kò béèrè ta ni. Ó mú wa lọ sí yàrá kan lókè, ó fi ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn mí: irin ni, pẹ̀lú ọ̀pá ìdè méjì nínú. Ó ní àwọn oníbàárà máa ń ya wèrè nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Yàrá náà rùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ṣeé wò, ṣùgbọ́n ọkàn mi fẹ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Ìyá mi ti dúró sísàlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọbìnrin náà bí ẹni tí oòrùn ń pa lójú. Ó ní ọmọ tí òun bí kò ní sùn nílé aṣẹ́wó. Mo ní, “Màámi, ẹ wo ojú ọmọ yín. Ilé ọlọ́kọ ló ti gba èyí.” Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́. Ìyá ni ìyá ń jẹ́, a jáde níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló rí ìkẹta. A ti ń rìn padà sọ́nà Ìbà nígbà tó rí ilé funfun kan tí wọ́n fi òdòdó yí ká, tí ẹsẹ Bíbélì wà lára ògiri rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu géètì pé ọtí kò gbọdọ̀ wọlé. Inú ìyá mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ín, díákónì ni, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun kì í gba obìnrin láìsí ọkọ, ṣùgbọ́n òun rí i pé ìyá ń bẹ pẹ̀lú wa, ìyá sì ni alábòójútó. Iye tó gbà kò ni wá lára. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní, òórùn ọṣẹ ń jáde lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá náà jẹ́ páákó fẹ́lẹ́, mo fi ìka kàn án, ó ń dún bí agolo.

Mo jáde lọ ra oògùn àti búrẹ́dì, kí n tún fi lílọ yẹn wo ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbéra lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo fi lọ. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé wọ́n ti to àga sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ìgò mínírà wà lórí tábìlì, wọ́n fi ife dé e. Díákónì ti wọ agbádá. Mo mọ ohun tí irú àga bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí; ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n? Àga ìparí ìjà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí mo lọ, bàbá náà wá bi ìyá mi pé kí ló ṣe ọmọ yìí lójú. Àgbà tó hewú ló béèrè, tó tún fi orúkọ Olúwa béèrè. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: irin gbígbóná, oyún méjì, ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Alábà àti ibi tó kángun sí. Ó ní kó bá òun dá sí i. Ohun tó wà lọ́kàn ìyá mi ni pé kó bá àwọn gbàdúrà, kó sì bo àwọn mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀ fún òun, ó máa parí. Ìyá mi dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá bọ́ síta, ó rán awakọ̀ rẹ̀ sí Alábà pé kó lọ pe ọkọ wá.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn. Ohun tí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe náà ló ṣe. Ìyàwó sá, ìyàwó wà lọ́dọ̀ rẹ, o ò lè gbé ìyàwó oníyàwó pamọ́. O ránṣẹ́ sí ọkọ, o bá a wí, o ní kí ìyàwó kúnlẹ̀, gbogbo yín á mu nǹkan, wọ́n á máa lọ sílé. Mo sọ fún un pé a ń lọ. Ó ní a ò lọ síbì kankan, òun ti ní kí ẹ̀ṣọ́ ti géètì, torí ìyàwó tó bá tún sá kí ọkọ tó dé máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ fara balẹ̀.” Mo ń pariwo mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ wọlé.

Ọkọ àbúrò mi bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún díákónì, ó tún yí padà dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó sunkún. Omijé gidi ni, mo rí i. Ó ní Èṣù ló ń lo òun. Díákónì bá a wí dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní ọkùnrin kì í lu obìnrin bí ẹni lu bàrà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àbúrò mi, ó ní òun náà ò ṣe é dáa, obìnrin kì í fi ilé sílẹ̀ láìgbàṣẹ, kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin yẹn wá fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ pé bí Bàbá bá gbà fún òun, òun fẹ́ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Díákónì ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí ẹlòmíràn yọ ẹnu kúrò. Mo dìde, ìyá mi di ìró mi mú. Wọ́n jọ gun àkàsọ̀ lọ sí yàrá.

A gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Lẹ́yìn náà a gbọ́ nǹkan tó wó, a tún gbọ́ ohùn kan tó gé sí méjì. Mo fa ìró mi ya kúrò lọ́wọ́ ìyá mi, mo sáré gòkè. Ọkùnrin yẹn ti ti ilẹ̀kùn náà nínú. Ilé ìyàgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá. Mo gbé ìdérí tańganran tó wà lórí táńkì omi rẹ̀, mo fi lu páákó yẹn níbi tí ìdè rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ó là.

Wáyà rédíò ló mú wá nínú àpò. Ó ti wé e mọ́ àbúrò mi lọ́rùn, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, lórí ojú iná yẹn gan-an, ó ń fà á. Ahọ́n rẹ̀ ti yọ. Ojú kan tó kù tó fi ń ríran ti yí sókè. Ọkùnrin náà ń fọkàn ṣiṣẹ́, kò tilẹ̀ yíjú wò mí. Mo fi ìdérí náà fọ́ ọ lórí. Ó pín sí méjì lọ́wọ́ mi, awọ orí rẹ̀ sì ṣí, ẹ̀jẹ̀ tú sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Kò ṣubú. Ó dìde, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá mi lẹ́nu, ó mú mi lọ́rùn mọ́ ògiri, ó sì geyín mọ́ apá mi títí ẹran fi já. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìyá mi ló gbà mí. Mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Obìnrin tí mi ò rí kó bá ènìyàn jà rí láyé mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkùnrin náà, ó di kórópọ̀n rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ. Ọkùnrin yẹn ké bí ewúrẹ́. Ó wó lulẹ̀, ìyá mi kò sì fi í sílẹ̀, ó ń bá a lọ sílẹ̀. Mo tú wáyà lọ́rùn àbúrò mi. Ó ti wọ inú ẹran. Mo gbá a létí, mo gbá a létí, kó tó mí.

Díákónì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ó ń sọ pé, “Ẹ rọra. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ rò ó.” A gbé àbúrò mi sáàárín, mo fi èjìká tì í, ó jókòó sórí àkàsọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní Bàbá ò tíì ní kí òun ṣí i. Ìlàjì ìdérí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Mo gbé e sókè. Ó ṣí i.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún awakọ̀ tó gbé wa pé Okokomáíkò là ń lọ, lẹ́yìn gáráàjì. Oòrùn ò tíì wọ̀. Obìnrin tó tóbi yẹn rí wa lókèèrè, ó ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ kí a tó débẹ̀. Wọ́n gbé àbúrò mi lọ sókè, mo gbọ́ tí ọ̀pá ìdè méjèèjì wọlé.

Ọkùnrin náà dé lẹ́yìn wa. Ó ti fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di orí, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀. Gáráàjì ló kọ́kọ́ lọ, torí ó mọ̀ pé Èkìtì là ń lọ, àwọn ọmọ gáráàjì sì nawọ́ sí ibi tí obìnrin mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ bò gbà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun wá mú ìyàwó òun.

Obìnrin yẹn ní, “Kò sí ìyàwó ẹnikẹ́ni níbí.”

Ọkùnrin náà fa ìgò kan nínú kéréètì, ó fọ́ ọ mọ́ ògiri, ó gún ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà lápá. Àṣìṣe ńlá ló ṣe. Èkejì da omi ẹ̀gẹ́ tó ń hó lórí iná lé e láyà. Ẹ̀kẹta fi ọmọ odó gbá a ní orúnkún, mo gbọ́ bó ṣe ṣẹ́. Wọ́n lù ú láìpariwo, bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n fi ṣòkòtò fà á lọ sínú gọ́tà, wọ́n padà wá fọ ọwọ́. Mo wò ó, inú mi dùn, mi ò sì ronú pìwà dà. Ìyá mi ṣí gèlè rẹ̀, ó fi di apá ọmọbìnrin tí ìgò gún, ó ń pè é ní ọmọ mi.

A délé. Àbúrò mi yè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Bí eruku ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn, àwọn àgbààgbà ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó sì ṣaájú wọn tó wọ agbádá funfun ni díákónì. Ó ti fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ láti Èkó, nítorí pé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí lójú rẹ̀. Inú yàrá tó kángun sí pálọ̀ ni àbúrò mi wà, a ń gbọ́ bó ṣe ń húkọ́. Ìyá mi jáde sí wọn. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa. Wọ́n ní àwọn wá mú ìyàwó àwọn. Ó ní ọmọ òun kò sí nílé, ó ti lọ sí òkèèrè, òun ò sì mọ ibẹ̀.

Gbogbo wọn ló gbọ́ ikọ́ yẹn. Díákónì fi ohùn tútù rẹ̀ bi í, ó ní, “Ìyá, ṣé òtítọ́ lẹ sọ fún mi yìí?”

Ìyá mi dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, “Mo ti sọ òtítọ́ fún yín rí.”